Orí Ẹja fún Apá Ọ̀tún

Ní apá òsì mi, lókè pátápátá, àpá kan wà níbẹ̀ tó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ìdérí ìgò tẹ amọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun ìyanu. Gbogbo àgbà Ìbàdàn tí ẹ bá ní kó ká apá ẹ̀wù sókè ló ní irú rẹ̀. Èyí tó ń kọ àwọn nọ́ọ̀sì lóminú ni èkejì, èyí tó wà ní apá ọ̀tún. Lóṣù tó kọjá tí mo lọ yẹ ìfúnpá wò, ọmọdébìnrin kan tó wọ funfun di apá náà mú bí ẹni tó mú olè, ó ní, ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gún màmá ní abẹ́rẹ́ ayé àtijọ́ yìí ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan jẹ́ tèmi, ọ̀kan jẹ́ títà. Ó rò pé ogbó ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Kò béèrè ohun tí mo gbà lórí ọjà náà. Ká ní ó béèrè ni, ǹ bá sọ fún un pé orí ẹja ni. Ẹ wò ó, mo ti ń tajà ní Bẹẹrẹ kí n tó ní ọyàn láyà. Kẹ́ẹ̀gì, bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ ike àti ìdérí wọn ni mo ń tà, ẹni tó bá sì fẹ́ ra kẹ́ẹ̀gì láìra ìdérí, mo máa ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ lọ sin ẹ̀fọn. Kò sí oníbàárà tó lè rẹ́ mi jẹ. Àmọ́ ọjà tí mo kọ́kọ́ tà láyé, wọ́n rẹ́ mi jẹ níbẹ̀ débi pé títí di òní, bí mo bá ń wẹ̀, mo ṣì máa ń fi kànrìnkàn pàdé ẹ̀rí rẹ̀.

Agbo ilé wa ní Bẹyẹrunkà ni mo ń sọ, ní ọdún tí eyín iwájú mi méjèèjì yọ tí tuntun kò sì tíì hù. Ilé náà kì í dákẹ́. Ohùn kan ló máa ń gba ipò òmíràn. Ìpè ìrun ló ń kọ́kọ́ wọlé, ìgbálẹ̀ àwọn ìyàwó ilé á tẹ̀ lé e, ṣàà, ṣàà, lẹ́yìn náà ni ikọ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, tó máa ń hú lẹ́ẹ̀mẹta gédégédé bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Bó bá ti hú ìkẹta, kò sí ọmọ tó gbọdọ̀ wà lórí ẹní mọ́. Bàbá wa á ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa wà á kìtìkìtì. Màmá wa kì í sábà sí nílé, torí ọ̀nà oko ló máa ń wà, níbi tó ti ń ra ata gbígbẹ, nítorí náà ọwọ́ Ìyá Àgbà ni èmi Sídíkátù wà, èmi àti àbúrò mi Ràfátù tó ń lọ sí ọmọ ọdún márùn-ún. Iṣẹ́ tèmi ni fífọ àmù. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló yẹ kí n da omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù kí n sì fi ewé fọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn tanwíjí tó ń jó nínú omi, mo ti fún wọn lórúkọ, èmi kò sì rí ìdí tí mo fi máa da ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀. Lára oúnjẹ ilé wa, ohun tí ọkàn mi fà sí jù ni orí ẹja àrọ̀. Mi ò tọ́ ọ wò rí. Bàbá wa ló ń jẹ ẹ́, bí kò bá sì sí nílé, Ìyá Àgbà ni. Ìrù ni tọmọdé. Ìyá Àgbà ní ọmọ tó bá jẹ orí ẹja, ẹnu rẹ̀ á máa là gbàù bíi ti ẹja, kò ní lè pa á dé. Àwọn tó mọ̀ mí ní Bẹẹrẹ á sọ fún yín pé ẹnu tèmi ti là tipẹ́ kí ẹja tó dé ibẹ̀.

Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù nígbà náà kì í ṣe ọlọ́pàá. Wolé-wolé ni. Tiwa ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó máa ń wọ ṣòkòtò kakí kúkúrú tí wọ́n lọ̀ títí ó fi le gbandi, ó sì dé fìlà líle kan tó jọ igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ìyẹn la fi ń pè é ní Onífìlà-Igbá. Á yẹ inú àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, á fi ọ̀pá ro inú gọ́tà, á gbóòórùn ṣáláńgá, á béèrè iye ènìyàn tó ń sùn nínú yàrá kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná. Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé gbọọrọ kan, lẹ́yìn náà á fi ẹfun sàmì sára ilẹ̀kùn. Ẹni tí wọ́n bá bá tanwíjí nílé rẹ̀, sàmáǹsì ló máa gbà. Àwọn àgbà wá dá ọgbọ́n kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí fìlà igbá náà lókèèrè kò gbọdọ̀ pariwo. Ṣe ni yóò máa pe adìẹ bí ẹni fẹ́ da àgbàdo sílẹ̀ fún wọn: kó-kó-kó-kó. Ilé kejì á gbà á, ilé kẹta á gbé e, títí igbe adìẹ á fi dé ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Lójú ẹsẹ̀, omi àmù á dà nù, ẹní á bo ojú gọ́tà, ẹni tí ibà ń ṣe á dìde jókòó, á máa rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tiwa. Eyín kò sí lẹ́nu mi, atẹ́gùn ló pọ̀ jù nínú ìpè mi, síbẹ̀ iṣẹ́ náà wù mí ju oyè lọ. Àwọn adìẹ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò sọ òtítọ́ fún. Ní àkọ́kọ́, wọ́n á sáré dé, wọn ò ní bá ọkà kan nílẹ̀. Nígbà tó yá, ojú wọn là, wọn ò tilẹ̀ yíjú wò wá mọ́. Onífìlà-Igbá wá sọ fún bàbá wa lọ́jọ́ kan pé òun kò tíì rí àdúgbò tí wọ́n ti ń pe adìẹ tó báyìí, tí adìẹ kankan kì í sì í jẹ́ wọn.

Ní ọdún náà, ìròyìn wọ̀lú pé àìsàn tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ ń bọ̀. Ṣọ̀pọ̀ná ni. Mo ti pè é báyìí, kò sì sí ohun tó ṣe mí. Wọ́n ní ó ti tán láyé, kí ni yóò tún wá fi mí ṣe? Ṣùgbọ́n lẹ́nu Ìyá Àgbà, Olóde ni, Ilẹ̀-gbóná ni, tó bá sì di ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, kò tilẹ̀ ní orúkọ kankan, "ìyẹn" lásán ni. Kì í fi ìrun márààrún ṣeré, tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò ní pe orúkọ yẹn. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé Ọlọ́run kò tó ni. Ó ní Ọlọ́run tó, ẹnu mi ló pọ̀ jù. Ìjọba wá ní kí gbogbo ọmọ gba bupá. Ilé kéwú wa ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Wọ́n tò wá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ ha awọ apá òsì wa, wọ́n sì fi oògùn sí ojú rẹ̀. Onífìlà-Igbá kọ orúkọ mi sínú ìwé gbọọrọ, ó ní lọ́jọ́ karùn-ún àwọn yóò wá sílé fún àwọn kéékèèké tí wọn kò tíì máa lọ sí kéwú. Inú bàbá wa dùn sí i. Ó ní kí wọ́n múra Ràfátù sílẹ̀. Ìyá Àgbà ní kò sí ẹni tó máa fi irin kan ọmọ yẹn lára, torí ibi tí wọ́n bá ti ń ha awọ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ, ibi tí wọ́n bá sì ti ń kọ orúkọ ni wọ́n ti ń gbé ènìyàn lọ. Bàbá wa kò bá a jiyàn. Bàbá wa jẹ́ ẹni tó máa ń gbà fún ìjọba ní òwúrọ̀, kó sì gbà fún ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kó wá padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún náà, ó ṣáà tún un sọ pé kí wọ́n bupá fún ọmọ náà, ó sì lọ sí Ọjà'ba lọ ra òwú.

Bó ṣe lọ ni Ìyá Àgbà pè mí wọ yàrá.

"Sídí, orí ẹja mélòó lo ti jẹ láyé ẹ?"

Mo ní mi ò jẹ ọ̀kan rí. Ó ní ṣé ó wù mí. Mo ní ó wù mí dójú ikú. Ó wá sọ ohun tó fẹ́ rà: kí n jókòó síwájú Onífìlà-Igbá bí ẹni pé èmi ni Ràfátù, kí n sì na apá ọ̀tún. Ẹ má rò pé mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo dúnàádúrà. Mo ní orí ẹja náà gbọ́dọ̀ ní ojú méjèèjì. Ó ní ara orí ni ojú wà, òmùgọ̀. Mo ní kó búra, ó sì búra. Inú mi dùn bíi tẹni tó ti rẹ́ àgbà jẹ. Kò sí ibì kankan nínú ìdúnàádúrà yẹn tí mo ti béèrè ohun tí Ràfátù yóò fi pàdé àìsàn bó bá dé. Ìyá Àgbà fá irun orí mi kodoro, ó kó mi sínú bùbá Ràfátù tó fún mi lábíyá tó sì dé ìdodo mi, ó fi ewé àti òrí bo àpá tuntun tó wà ní apá òsì mi. Ràfátù gangan, abẹ́ ibùsùn ló fi í pamọ́ sí, ó fún un ní àádùn kí ẹnu rẹ̀ má bàa ṣófo. Nígbà tí Onífìlà-Igbá jókòó, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó bi Ìyá Àgbà pé ọmọ ọdún mélòó nìyí. Ìyá Àgbà ní ó ń lọ sí márùn-ún.

"Ìyá, márùn-ún yìí mà jẹun kánú o."

Ìyá Àgbà ní Ọlọ́run ló ń wo ọmọ. Ó ní eyín rẹ̀ dà? Ìyá Àgbà ní ó ṣubú. Ó ní apá òsì ńkọ́? Ìyá Àgbà ní eéwo ló so níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló yíjú sí mi, ó ní kí n sọ orúkọ mi. Gbogbo ara mi ló fẹ́ sọ Sídíkátù. Mo ronú kan orí ẹja, mo ní Ràfátù. Ó béèrè Sídíkátù pẹ̀lú, Ìyá Àgbà ní ó ti gbà á ní kéwú, ó ṣí ìwé sẹ́yìn, ó rí i níbẹ̀, ó mi orí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ha apá ọ̀tún mi, tó sì fi tàdáwà fa ìlà síwájú orúkọ àbúrò mi pé ó ti parí. Ó dé fìlà igbá rẹ̀, ó lọ. Ràfátù jáde lábẹ́ ibùsùn, àádùn ti kun gbogbo ẹnu rẹ̀, ó ní ṣé òun lè tún padà síbẹ̀ lọ́la.

Ìyá Àgbà kì í ṣe ẹni tó ń yẹ àdéhùn. Lọ́jọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, ó se ẹja àrọ̀, ó sì gbé orí rẹ̀ ka iwájú mi nínú àwo tańganran tirẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba bupá méjì láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ bi í bí ara ṣe ń rí. Apá méjèèjì mi wú bí ìrẹsì tó hó, Ìyá Àgbà sì ń fi aṣọ bò wọ́n kí bàbá wa má bàa rí i. Mi ò lè fi òsì bọ́ ara mi, mi ò lè fi ọ̀tún, ibà sì ti gba ahọ́n mi. Ràfátù ló ń ṣẹ́ ẹja náà sí mi lẹ́nu. Mo jẹ gbogbo rẹ̀, mo fa egungun rẹ̀ mu, mo gbé ojú rẹ̀ méjèèjì mì, kò sì ní adùn ju kí n jẹ bébà lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé kí ènìyàn máa tọ́ ọjà wò kó tó gba ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́rù.

Nígbà tí ojú egbò méjèèjì ti gbẹ tí ó di èépá, àìsàn náà dé. Agbo ilé tó wà lẹ́yìn tiwa ló wọ̀, ó mú ìyàwó kékeré kan tó ń jẹ́ Àṣàkẹ́. Kò sí ọmọ kankan tí Àṣàkẹ́ kò fẹ́ràn, àmọ́ Ràfátù ló fẹ́ràn jù. Òun ló ń di irun rẹ̀, òun ló ń pọ̀n ọ́n bó ti tóbi tó yẹn, kódà ọjọ́ tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ràfátù sùn sí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá gbé e, kò sí ẹni tó pe adìẹ. Wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀, wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ìyàsọ́tọ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú. Onífìlà-Igbá wá dúró láàárín agbàlá wa. Ó ní ẹni tó bá ti gba bupá, kó fọkàn balẹ̀. Ẹni tí kò tíì gbà á, tó sì ti fara kan Àṣàkẹ́, kó wá bá òun ní ọ́fíìsì òun nídìí òkè Mápó, kó má jẹ̀ẹ́ kó kọjá ọjọ́ mẹ́ta, torí láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn oògùn ṣì lè pàdé àìsàn náà lọ́nà. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, òun kò lè sọ. Ilé tó kù tí yóò lọ pọ̀, kò ní ká ká apá aṣọ. Ìwé ló kà. Ó pe Sídíkátù, ó ní ó ti gbà. Ó pe Ràfátù, ó ní ó ti gbà. Bàbá wa gbé ọwọ́ sókè níwájú gbogbo ilé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ òun méjèèjì ti bọ́. Mo wo ojú Ìyá Àgbà. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọjọ́ kìíní lọ báyìí. Ìyá Àgbà se ewé, ó fi wẹ Ràfátù. Ó lọ gba hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, lọ́dọ̀ Alfa, ó fún un mu. Ó ní bí mo bá la ẹnu mi, wọn yóò gbé Ràfátù lọ síbi tí wọ́n gbé Àṣàkẹ́ lọ, a kò sì ní rí i mọ́. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo tún ní ìṣirò tèmi. Lójú mi, oògùn Ràfátù kò sọ nù. Ara mi ló wà. Mo ti jẹ orí ẹja, mo sì tún jókòó lé oògùn ọmọ ọlọ́mọ. Tó bá jẹ́ pé mo lè dá a padà fún un, kò sí ẹni tí yóò mọ̀, kò sí ẹni tí wọn yóò gbé lọ. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo mú un lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo ṣẹ́ ẹ̀gún lára igi ọsàn, mo ní kó jókòó kó má mira. Mo fi ẹ̀gún náà fa ìlà gígùn kan sí i lápá. Mo ṣí èépá apá ọ̀tún mi, mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú itọ́, mo fi ń pa ojú ọgbẹ́ náà, mo sì ń sọ "Bìsìmíláì" bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́. Ràfátù fara dà á títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó figbe bọnu tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìẹ tó ti kọ̀ wá sílẹ̀ fi sáré wá wò ó.

Ìyá Àgbà dé pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Ó ní ta ló ní kí n ha ọmọ lápá? Mo fi ẹ̀gún náà pamọ́ sẹ́yìn. Ràfátù ló dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ń dá oògùn mi padà. Wọ́n ní orí ẹja làwọn jẹ."

Mo ti múra sílẹ̀ de orógùn náà. Kò balẹ̀. Ìyá Àgbà wá ìdí odó, ó jókòó lé e. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wò wá. Ó ní òun náà ní àbúrò rí, Wúràọlá lorúkọ rẹ̀. Láyé àwọn òyìnbó ni, òun kò tíì ní ọkọ nígbà náà, òun kò ju mí lọ. Wolé-wolé ayé ọjọ́un wọlé, ó béèrè bóyá ẹnì kan ń ṣàìsàn, gbogbo àgbà ní rárá. Òun ló na ọwọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, torí wọ́n ti kọ́ òun pé irọ́ kò dáa. Wọ́n gbé Wúràọlá lọ sí ahéré kan nínú igbó, wọ́n sun ẹní rẹ̀, wọ́n sun aṣọ rẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ pé ó ti parí. Títí di ọjọ́ tó ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tó fi ibi tí wọ́n sin ín sí han òun.

"Ẹnu mi ni mo fi gbé e fún wọn," ó wí. "Mo wá ní mi ò ní la ẹnu yẹn mọ́."

Mo ti ń fi orí ẹja àti ẹnu gbàù ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́n. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ó fi ìdí ìró rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ara Ràfátù. Ó wo ìlà tí mo fà, ó wo èmi, ó sì rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ojú. Ó ní ọmọdé tó fi ẹ̀gún ọsàn ṣe dókítà, ó ti gbìyànjú ju arúgbó tó jókòó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó wé gèlè, ó mú èmi lọ́wọ́ kan, ó mú Ràfátù lọ́wọ́ kejì, a gba ọ̀nà Mápó. Onífìlà-Igbá wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn tó wọ kakí. Nígbà tó rí Ìyá Àgbà tó ń bọ̀ lókèèrè, òun náà káwọ́ sẹ́nu, ó pe adìẹ: kó-kó-kó-kó. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Àgbà dúró kí wọ́n rín in tán. Ó ní kó ṣí ìwé rẹ̀.

"Ọ̀gá, irọ́ kan wà nínú ìwé yẹn. Èmi tí mi ò mọ̀wé ni mo kọ ọ́."

Ó ká apá ẹ̀wù mi méjèèjì sókè, ó ká ti Ràfátù náà, ó tò wá síwájú rẹ̀ bí ẹni pàtẹ ọjà. Ọkùnrin náà ka àpá ara mi, ẹyọ kan, èjì. Ó wo apá Ràfátù, kò rí nǹkan kan àfi ìlà ẹ̀gún. Ó ní kí nìyí? Mo ní bupá ni, èmi ni mo ṣe é. Ó ṣí fìlà igbá náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí orí rẹ̀. Ó pá, ó ń dán, ó sì dà bí orí ẹnikẹ́ni. Kò bínú bí mo ṣe rò. Ojú ara rẹ̀ ló ń tì í, torí ó mọ̀ pé ìwé ló kà, kò ka ọmọ. Ìyá Àgbà ní bó bá jẹ́ pé wọ́n máa gbé Ràfátù lọ, òun náà ni wọ́n máa gbé. Onífìlà-Igbá ní ẹni tí ara rẹ̀ kò gbóná, àwọn kì í gbé e. Àmọ́ ojoojúmọ́ lòun yóò máa wá wo ọmọ náà, bí ara rẹ̀ bá sì yí padà, kí ìyá má pe adìẹ o, kí wọ́n pe òun.

"Tó bá wá yí padà ńkọ́?"

"Ẹ ó bá a lọ. N ó kọ ọ́ síbí pé ìyá rẹ̀ àgbà ń bá a lọ."

Ó kọ ọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà ló bupá fún Ràfátù, ó sì bi Ìyá Àgbà bóyá ìyá náà alára ti gbà á rí. Kò gbà á rí. Obìnrin tó ti fi apá mi ránṣẹ́ síwájú abẹ́rẹ́, nígbà tó kan tirẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó fún un tó bẹ́ẹ̀ tí egungun mi ń ké.

Nígbà tí bàbá wa gbọ́, ó nà mí, torí kò lè na ìyá rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Láràárọ̀, Ìyá Àgbà á bọ́ Ràfátù sí ìhòòhò nínú oòrùn agbàlá, á yẹ ara rẹ̀ wò láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé etí bí ẹni ń yan ẹ̀wà, Onífìlà-Igbá á sì dé lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti tún un yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ràfátù jí pẹ̀lú ara gbígbóná. Kò jẹ ẹ̀kọ, kò fẹ́ ṣeré.  Ìyá Àgbà di ẹrù: ẹní méjì, ife kan, òrí, tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó gbé ẹrù náà sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó jókòó. Ó ní kí n lọ pe wolé-wolé. Èmi, olórí àwọn tó ń pe adìẹ, ni mo sáré gba ìdí òkè Mápó lọ pe ọkùnrin náà wá sílé wa pẹ̀lú ẹnu ara mi. Ó fi kẹ̀kẹ́ gbé mi padà. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó wo iwájú orí, ó wo ẹnu, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó wá ká apá ẹ̀wù rẹ̀. Ojú bupá náà ti wú, ó ti pọ́n, ó ti so omi.

"Ó ti mú," ó wí. "Ibà oògùn nìyí, Ìyá. Ẹ tú ẹrù yín."

Ó ju ọ̀sán lọ kí Ìyá Àgbà tó tú ẹrù náà tán. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń mú jáde, á wò ó, á tún fi sílẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ibi tí ohun tirẹ̀ máa ń wà.

Àṣàkẹ́ padà wálé lẹ́yìn oṣù kan ó lé. Ojú rẹ̀ ti gba àpá káàkiri, ṣùgbọ́n ó ń rìn fúnra rẹ̀, ó sì ń bínú pé wọ́n fún òun ní ẹ̀kọ tí kò ní ṣúgà. Ìyá Àgbà jókòó tì í, ó bi í bóyá ibojì wà níbẹ̀. Àṣàkẹ́ ní ó wà lábẹ́ àwọn igi máńgòrò, wọ́n fi òkúta sàmì sí i, ti tipẹ́tipẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá Àgbà ní "ẹn hẹn". Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dín àkàrà, ó fún Onífìlà-Igbá pé kó bá òun gbé e lọ ṣe sàráà fún àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀, kó sì bá òun wo abẹ́ máńgòrò. Ẹja tó sè ní ọjọ́ kejì, Ràfátù ló gbé orí rẹ̀ fún. Ó ní èmi ti jẹ tèmi. Mo jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìrù ẹja lọ́wọ́, mò ń wo bó ṣe ń jẹ ẹ́, adùn rẹ̀ ń yọ lójú rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, ó yọ ojú ẹja kan, ó fi sí mi lọ́wọ́. Ó dùn, ẹ má bi mí mọ́.

Ràfátù ti di ìyá àgbà fúnra rẹ̀ báyìí, Mọ́lete ló ń gbé. Nígbà tí kòrónà dé, tí àwọn nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ wá sí ọjà Bẹẹrẹ, ó wá bá mi ní ìsọ̀ pé ká jọ gbà á. Bí wọ́n ṣe ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú, ó tì mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni kí ẹ gún. Àwọn ló máa ń gba tèmi."

Mo ní ayé ti le, orí ẹja kan kò tó mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Àpá bupá wà níbẹ̀, ó ti fẹ̀ pẹ̀lú ẹran ara. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣì wà tó wọ́ lọ dé ìgúnpá. Nọ́ọ̀sì náà fi ìka tọ ìlà yẹn, ó béèrè ohun tó ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló bu ìyẹn fún mi," Ràfátù wí. "Kò mú."

Kò mú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun ló gbé Ìyá Àgbà dé Mápó.